Ọwọ́ Òsì Àǹtí Mojí

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀ tí mo bá jókòó sórí àga, èmi ni ọlọ́pàá ọwọ́ òsì nílé wa. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lásìkò tí owó epo rọ̀bì ń dà wọ ìlú yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí àgbà tí ọmọdé na ọwọ́ òsì sí nígbà náà tí kò ní fajú ro. Òsì ni ti ilé ìyàgbẹ́. Ọ̀tún ni ti oúnjẹ, ọ̀tún ni a fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Mojísọ́lá, tí mò ń pè ní Àǹtí Mojí, òsì ló gbé wáyé. Èmi ni bàbá wa sì yàn láti máa ṣọ́ ọ.

Agbassa ni a ń gbé ní Warri, nínú ilé kan tí àwa Ìjẹ̀bú, àwọn Urhobo àti ìdílé Ìṣẹ́kírì kan ti jọ ń fa omi nínú kànga kan náà. Ìyá mi máa ń se ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, òórùn ẹja gbígbẹ rẹ̀ yóò sì pàdé òórùn ọbẹ̀ bángà ará ilé wa lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi ń ta páàtì ọkọ̀ lójú ọ̀nà Warri sí Sapele. Ọkọ̀ ń pọ̀ sí i nílùú lójoojúmọ́, ọjà rẹ̀ ń tà, òun náà sì ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ funfun kan tí kò jẹ́ kí a yọ ọ̀rá kúrò lára àga rẹ̀. Ó ní òun kò ra ọkọ̀ láti máa fi gbé ọmọ kiri. Ẹnu ọ̀nà ni a ti máa ń nù ún, kì í ṣe inú rẹ̀ ni a ti ń jókòó.

Nídìí oúnjẹ ni iṣẹ́ ọlọ́pàá mi ti máa ń le jù. Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí wa ń bá wa sọ, pijin Warri ni a fi ń dá wọn lóhùn. Bí Àǹtí Mojí bá gbàgbé, tó fi òsì kan àwo, màá pariwo: "Papa, Anti don use left again o." Bàbá mi á gé ẹran tirẹ̀ fún mi. Àǹtí á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á gbé ọwọ́ òsì náà sókè tòun ti òkúta nínú rẹ̀, títí a ó fi jẹun tán. Nígbà mìíràn ìyá mi á fi gèlè àtijọ́ kan so ọwọ́ náà mọ́ ọn lára. Kì í sunkún. Èmi náà kì í tijú, ẹran ni mò ń jẹ. Bí mo ṣe ń rò ó lónìí, bóyá bàbá mi gan-an ló fi òkúta yẹn fún apá náà lágbára, tí kò sì mọ̀.

Ní ilé ìwé girama tí Àǹtí ń lọ, olùkọ́ eré ìdárayá wọn, ọmọ Urhobo kan tí wọ́n ń pè ní Mísì Ejiro, rí i níbi tó ti ń sọ òkúta já máńgòrò. Ó ní òkúta mẹ́ta ni Àǹtí sọ, máńgòrò mẹ́ta ló sì já. Bó ṣe fà á wọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá nìyẹn, eléyìí tí gbogbo wa ń pè ní hánbọ́ọ̀lù: obìnrin méje níhìn-ín, méje lọ́hùn-ún, wọn á máa ju bọ́ọ̀lù síra wọn títí ẹnì kan á fi fò sókè, tí á sì sọ ọ́ sínú àwọ̀n. Àǹtí bẹ̀ mí pé kí n má sọ nílé. Ó ń ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún mi, ni mo bá pa ẹnu mọ́. Láti ìgbà náà, ọ̀tún nílé, òsì ní pápá.

Àǹtí ní ìwé àjákọ kan tó máa ń kọ ìrìn àjò ẹgbẹ́ àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè wa sí: orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá pàdé, ẹni tí wọ́n borí, ẹni tó borí wọn. Rédíò ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ló ti ń gbọ́ ọ. Lọ́dún kan wọ́n lọ sí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa, inú Àǹtí dùn débi pé ó gbàgbé omi lórí iná. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù. Ẹni tó ń ròyìn náà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn obìnrin wa ti lè gbá bọ́ọ̀lù wọlé, àwọn tí wọ́n ń bá figagbága sì ti mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ̀lé Àǹtí lọ sí pápá, Mísì Ejiro sì fi igi ya pápá sórí iyẹ̀pẹ̀ fún wa. Ó ní ẹni tó bá dúró ní apá ọ̀tún, tó sì ń lo ọwọ́ ọ̀tún, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ojú àwọ̀n. Ọlọ́wọ́ òsì ni gbogbo ẹnu àwọ̀n ṣí sílẹ̀ fún níbẹ̀, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kò sì ní ẹyọ kan. Àǹtí Mojí wo ilẹ̀ yẹn títí. Ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Na my place be that."

Kò pẹ́ tí ìròyìn dé pé àwọn tó ń ṣa obìnrin jọ fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ń bọ̀ wá sí pápá kan ní Edjeba. Bí wọ́n bá mú un, á lọ sí ibùdó ìgbáradì ní Èkó, á sì bá wọn wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí ìdíje tó kàn. Mísì Ejiro gbé ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù kí bàbá mi lè fọwọ́ sí i. Bàbá mi ka orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fọwọ́ sí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nítorí ọwọ́ òsì ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Fúráìdé, Àǹtí fà mí sẹ́yìn kànga. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni ìdánwò náà. "If Papa ask you time, tell am four o'clock," ó wí fún mi. "I no fit throw am for him front. Abeg." Mo gbà. Mo tiẹ̀ fi ìka kan ahọ́n, mo sì nà án sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí Àǹtí ti jáde, bàbá mi pè mí. Ó ti wọ agbádá. Àgbà méjì láti inú ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n fẹ́ lọ yẹ́ ọmọ wọn sí. Ó ní bí mo bá mọ àkókò àti ọ̀nà, iwájú ọkọ̀ ni màá jókòó. Iwájú ọkọ̀. Mo rí ọ̀rá tó ń dán lára àga yẹn, gbogbo ìbúra mi sì fò lọ. "Na ten o'clock, Papa," ni mo wí.

Nígbà tí a dé Edjeba, Àǹtí ti ju méjì, méjèèjì ló sì wọlé. Mo rí ọ̀kan nínú wọn láti inú ọkọ̀: ó fò sókè, apá òsì náà nà, àwọ̀n sì mì. Ọkùnrin tó ń ṣa wọ́n dìde kúrò lórí àga rẹ̀. Àwa náà wá sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi àti àwọn àgbà náà lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn, Àǹtí sì rí wọn. Tòun ti ṣòkòtò péńpé, ó kúnlẹ̀ láàárín pápá, ó kí wọn. Nígbà tó máa dìde, ọwọ́ ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù wà.

Mísì Ejiro ń pariwo: "Left, Moji. Use your left." Bàbá mi kò pariwo ní tirẹ̀. Ó kàn pe orúkọ rẹ̀, "Mojísọ́lá," bó ṣe máa ń pè é nídìí oúnjẹ. Àǹtí fi ọ̀tún jù ú, ó lọ sínú igbó. Ó ju òmíràn, aṣọ́lé kò tilẹ̀ ní láti mira. Ó jù ú títí ọkùnrin náà fi yíjú sí Mísì, tó béèrè bóyá ọmọ tí Mísì kọ̀wé sí wọn nípa rẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn náà ó mú obìnrin méjì mìíràn, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni àwọn méjèèjì.

Nígbà tí à ń padà sílé, bàbá mi ń tù ú nínú. "Obìnrin yẹn ló kó ìpayà bá ọ," ó ní. "Ta ní ń pariwo òsì sí ọmọ ọlọ́mọ lójú àwọn àgbà?" Ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù fún wa lọ́nà. Àǹtí fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó sì dúpẹ́. Iwájú ni mo wà, mi ò lè bojú wẹ̀yìn.

Ẹgbẹ́ náà lọ sí ìdíje tó tẹ̀lé e, wọ́n sì tún pàdánù. Àǹtí kò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́. Ó ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú-Òde ló ń gbé báyìí.

Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ ọmọ wa ń fi òsì kọ̀wé, wọ́n ń fi òsì jẹun, a ò sì bá wọn wí. Àwọn obìnrin ṣì ń lọ síbi ìdíje fún orílẹ̀-èdè wa. Orí fóònù ni mo ti ń wò ó, mo sì máa ń wá ẹni tó dúró lápá ọ̀tún. Nígbà tiwa, ìbẹ̀rù àgbà ló ń tọ́ ọmọ. Mi ò ní sọ pé kò tọ́ wa. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì mọ ẹni tó ràn án lọ́wọ́.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ mú gbogbo apá ọ̀tún Àǹtí. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Mo pinnu pé ọjọ́ yẹn ni màá jẹ́wọ́, mo sì jẹ́wọ́: mo sọ ti aago mẹ́wàá, mo sọ ti iwájú ọkọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, òun rí mi bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ń sunkún. Mo bu omi sínú ife, mo gbé e fún un, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù ló nà sí mi, èmi àbúrò rẹ̀, ó sì gba ife náà.

"Má bínú," ó ní, "òsì ni mo fi gbà á."