Ìdágbére tí Àlàbí Gé Kúrò

Ẹ má bi mí bóyá mo gbà á gbọ́. Èmi Pélagie, oníbutíìkì ni mí ní Tokpota nílùú Àjàṣẹ́, ṣúgà àti ọṣẹ ni mò ń tà, n kì í ta ìtàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi yìí, ó ṣojú mi kòró.

Sylvain ni orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kó wọ ènìyàn lára, àti bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, ló ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ lédè Faransé. Bàtà kan náà ló ń wọ̀ lẹ́ẹ̀rùn lójò. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀, ẹ ó gbàgbé pé ebi ń pa yín. Màmá wa kò pè é ní Sylvain rí. “Orúkọ ìwé nìyẹn,” ni wọ́n máa ń wí. Àlàbí ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá fà á gùn láti inú ilé, “Àlàbí o!”, ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọwọ́. Mi ò ní purọ́, mo máa ń jowú.

Màmá yìí ló ń ki ìran ilé wa. Bí ọdún ilé bá dé, wọn a jókòó sí àgbàlá, wọn a pe àwọn tó ti kú lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan bàbá wa, wọn a sì kì wọ́n. Nílé tiwa, ẹni tó bá pe òkú kò gbọdọ̀ dákẹ́ láìdágbére fún wọn. Ẹ sáà mọ̀ pé bí a bá pe àlejò, a óò sìn ín sọ́nà. Àlejò tí a kò sìn, á jókòó.

Àbúrò mi wá ń ṣe ìwádìí lórí bí àwọn àgbà Àjàṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀. Ó gba ohùn màmá sínú fóònù, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìdágbére. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n orí olùkọ́ kì í sinmi. Ó gé ìdágbére kúrò, ó pa á rẹ́ pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà rí i wò, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ìyókù, kí kálukú kọ ìparí tirẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, irú ọgbọ́n wo nìyẹn? Ọmọ Nàgó, tí ìyá rẹ̀ wà láyé!

Ọ̀sán gangan ló jẹ́ kí ohùn náà dún nínú gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ tó kún fọ́fọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní bí ohùn màmá ṣe dákẹ́ báyìí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, kò sì sẹ́ni tó wọlé. Òórùn áṣáà gba gbogbo ibẹ̀. Áṣáà ni bàbá wa máa ń fín nígbà ayé wọn. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí kó ìwé wọn, wọ́n ń bọ̀ wá síwájú, títí ìlà ẹ̀yìn fi ṣófo. Ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Inès bá nawọ́ sókè.

“Mùsíọ̀, bàbá tó wà lẹ́yìn yẹn ń béèrè pé ìgbà wo lẹ máa parí.”

Sylvain wò títí, kò rí bàbá kankan. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n lọ kọ iṣẹ́ wọn.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ kí màmá. Àga bàbá wa, tó ti wà nínú yàrá ẹrù láti ìgbà tí wọ́n ti kú, ni mo bá lábẹ́ igi máńgòrò. Abọ́ oúnjẹ méjì wà níbẹ̀. Màmá ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Pélagie, bàbá yín ti dé. Sún sẹ́yìn, o dí wọn lójú.”

Mo sún sẹ́yìn. Ta ni kò ní sún?

Láti ọjọ́ náà ni màmá ti ń rù. Oúnjẹ inú abọ́ kejì kì í dín, ti màmá náà kì í dín. Nígbà tó yá, mo bá wọn tí wọ́n ń ká aṣọ wọn sínú igbá. “Bàbá yín ní kí n tètè múra,” ni wọ́n wí, “pé ọ̀nà jìn.” Háà! Mo gun zémì, alùpùpù akérò, lọ bá Sylvain níbi iṣẹ́.

“O fẹ́ pa ìyá wa!” ni mo pariwo.

Ìta ni mo bá a, ó ń máàkì ìwé lórí òkúta. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra,” ló wí. “Mi ò lè wọ yàrá iṣẹ́ mi mọ́. Àga ibẹ̀ kì í ṣófo.”

A jọ padà sílé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ màmá pé kí wọ́n sọ ìdágbére náà. Màmá wò ó.

“Àlàbí, ọkọ mi ni o ní kí n lé? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá jẹun.”

Wọn ò sọ ọ́, kò sì sí ẹlòmíràn nínú wa tó há a sórí. Sylvain wá fẹ́ kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ikú odò ní í pa òmùwẹ̀: olùkọ́ ọ̀rọ̀ jókòó ti pépà, ó ń kọ, ó ń fà á ya. Ó ní gbogbo èyí tí òun kọ ló dùn, ṣùgbọ́n kò sí òkú tí yóò tìtorí rẹ̀ dìde. Nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ti rí ti Inès, kò gùn rárá: “Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ilé yín ń retí yín. Ẹni tó ṣì ń jẹun lọ́dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kó jẹun tán.” Bó ṣe kà á fún mi, àwa méjèèjì sunkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó dúró ní àgbàlá, ó ń pe àwọn òkú ilé wa lórúkọ, ó ń sọ ọ̀rọ̀ Inès lé orúkọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan bàbá wa, màmá dìde, wọ́n di apá àga náà mú.

“Àlàbí, má ṣe bẹ́ẹ̀. Àlàbí ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́.”

Mo gbá wọn mú láti ẹ̀yìn. Egungun lásán ni mo gbá mú. Inú mi bàjẹ́ ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ṣùgbọ́n mi ò fi wọ́n sílẹ̀. Sylvain sì sọ ọ́ tán.

Àga náà dún bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá dìde. Kò sí atẹ́gùn rárá, géètì ṣí, ó sì rọra padà dé. Òórùn áṣáà lọ.

Màmá jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n wà láyé, ara wọn ti padà, mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi wá kí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Màmá, ẹ káàárọ̀.”

Wọ́n dá a lóhùn.

“Káàárọ̀, Sylvain.”

Ó ti ju ọdún kan lọ báyìí. Àràárọ̀ ló ṣì ń lọ kí wọn kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti dá a lóhùn tán, á tún dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bóyá wọ́n á pè é ní Àlàbí.