Ìjàpá Tí Kò Lè Wọlé Mọ́

"Mọ́mì, dókítà ẹranko ní ká má fún un ní ẹ̀kọ o, ká má fún un ní búrẹ́dì, ká má fún un ní ìrẹsì." Àkọ́bí mi obìnrin ló pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá tó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fún ọmọ tirẹ̀ ní ìjàpá kan, ó sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ewé ni kó máa jẹ, ìwọ̀n tí kò ju igbá ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Èyí tó ṣì ń dàgbà lè jẹun lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti dàgbà tán, kí wọ́n máa fo ọjọ́ kan láàárín. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun kan náà ni àwa méjèèjì ń rántí, òórùn ẹ̀kọ gbígbóná inú ewé sì kún imú mi bí ẹni pé mo tún dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa àtijọ́ ní àdúgbò Òkè-Ògbó.

Ní àwọn ọdún 1990 wọ̀nyẹn, ilé gígùn kan ni à ń gbé, iyàrá lápá ọ̀tún, iyàrá lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn láàárín, àgbàlá tó fẹ̀ lẹ́yìn. Akọ̀wé ni ọkọ mi ní yunifásítì, èmi sì ń ránṣọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú iyàrá tó kù. Ìyá onílé ń gbé iyàrá iwájú, òun nìkan, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ fi ìlú mìíràn ṣe ilé. Àràárọ̀ ló máa ń se ẹ̀kọ, kì í ṣe fún títà, fún jíjẹ àti fún fífúnni ni. Bí o bá kọjá níwájú rẹ̀ nígbà tó ń jẹun, yóò na ọwọ́ sí ọ: "Wá gbà á, èmi nìkan kọ́ ló ni ín." Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ilé yẹn tí kò jẹ nínú ẹ̀kọ náà. Ọmọ mi yìí pàápàá, tó ṣì kéré nígbà náà, ọ̀dọ̀ ìyá ló ti máa ń jẹun ìdájí kó tó lọ síléèwé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń dáko ní Ìpetumodù ló mú ìjàpá náà wá fún ọmọ mi. Ó rí i lẹ́bàá oko kòkó rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Mo bi í pé kí ló ń jẹ, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ṣé o ti rí ìjàpá tó dáná rí? Ewé, olú, èso tó bá já bọ́." Mo ní báwo ni yóò ṣe pọ̀ tó. Ó ní ìwọ̀nba. Ìwọ̀nba kò tẹ́ èèyàn bíi tèmi lọ́rùn, mo bá dá ìwọ̀n tèmi: ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀fọ́ yánrin tàbí ewé ọ̀dùnkún, ègé ìbẹ́pẹ tín-ín-rín lọ́jọ́ ìsinmi, omi nínú ọmọrí ìkòkò kó má baà rì sínú rẹ̀. Mo máa ń ṣan ewé náà mọ́ kó tó kan ilẹ̀. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tó bá kù díẹ̀, n ó dá aṣọ iléèwé fún un.

Ìyá onílé ló sọ ọ́ ní Àlejò. Ó ní ẹni tó ti Ìpetumodù wá tí kò mọ ẹnikẹ́ni nílé yìí, kí ni à bá tún máa pè é? Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun lọ. Bó bá ti iléèwé dé, yóò dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù, yóò fi ìka kan kàn án nímú. Orí yóò wọlé ṣíín, ẹsẹ̀ yóò wọlé, ọmọ yóò sì kígbe pé, "Ó ti wọlé!" Nígbà tí ajá ilé kejì kọ́kọ́ gba abẹ́ ọgbà wọlé, a rí ohun tí wíwọlé yẹn wà fún. Ajá náà yí Àlejò síwá, ó yí i sẹ́yìn bí ọsàn, títí ó fi sú u, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti inú igbá rẹ̀, Àlejò yọ imú jáde díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Lẹ́yìn náà ni yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di ẹrù wọn, wọ́n lọ sílé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò ìyá kò yí padà. Ọwọ́ tó ti ń se ẹ̀kọ fún odidi ilé láti ọdún pípẹ́ kò mọ bí a ṣe ń se ti ẹnìkan.

Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi nígbà tí ọmọ mi wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Mọ́mì, ẹ wá wo Àlejò. Kò lè wọlé mọ́." Mo bá a lọ. Ó fi ìka kan imú rẹ̀. Orí fà sẹ́yìn, ó dé agbede méjì, ó sì há. Ẹran ọrùn àti ti itan rẹ̀ ti wú yọ lẹ́nu igbá, bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n pò tó wú kọjá ẹnu agolo. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ti gbọ́ ọ rí nínú àlọ́ pé ìjàpá yó. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí mo ń fún un. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo tẹ̀ lé Àlejò. Ó la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá láìwo ọ̀tún tàbí òsì, ó lọ tààrà sẹ́nu ọ̀nà ìyá. Ìyá ti tú ẹ̀kọ sílẹ̀ dè é, ó fọ́ àkàrà lé e lórí. "Àlejò mi, o pẹ́ lónìí o! Àbí ìyàwó ni kò jẹ́ kó o jáde?" Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń tì í síwájú rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ fún un nípa àwọn ọmọ rẹ̀, èyí tó ránṣẹ́ àti èyí tí kò ránṣẹ́. Mo dúró nínú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì rọra padà sínú iyàrá wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ̀ ọ́n. A kì í sọ fún arúgbó pé kó má fún tiwa lóúnjẹ. Bí o bá sọ ọ́, o ti sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Ayálégbé kan ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ rí pé wọn kò gbọdọ̀ gba nǹkan jẹ lọ́wọ́ ìyá, ìyá sì gbọ́. Ó sunkún ní gbangba, ó ń bi gbogbo ilé pé ọmọ ta ni òun pa jẹ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi mí wé obìnrin yẹn láé. Mo bá fi apẹ̀rẹ̀ dé Àlejò mọ́lẹ̀ nínú iyàrá wa, mo rò pé ọgbọ́n ni.

Ìyá wá a wá. "Ìyàwó, kí ni Àlejò ṣe tí o fi tì í mọ́lé?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Ìyá. Ara rẹ̀ ni kò yá."

"Ara rẹ̀ kò yá?" Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ṣí apẹ̀rẹ̀. "Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ni wọ́n ń fi ebi pa? Gbé e wá kí n tọ́jú rẹ̀."

Mo gbé e fún un. Láti ọjọ́ náà ó ń fún un ní ti òwúrọ̀, ó ń fún un ní ti alẹ́, ó ń gbàdúrà lé e lórí kó tó jẹ.

Ọ̀sán Sátidé kan ni ajá ilé kejì tún wọlé. Igbe ọmọ mi la gbọ́. Kí n tó dé àgbàlá, ajá ti sá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Àlejò sì ti fàya, ọrùn rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ṣì ń fa ọrùn sínú, ó ń fà á, kò lọ. A fi omi iyọ̀ wẹ ojú ọgbẹ́. Ó kú sórí itan ọmọ mi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá dúró tì wá, ọwọ́ lórí. "Kí ló dé tí kò wọlé? Ṣebí ó wọlé nígbà yẹn?"

Ọmọ mi ló dá a lóhùn. "Kò lè wọlé mọ́, Ìyá. Ó ti sanra jù."

Ìyá wo àwọn ẹsẹ̀ wíwú yẹn, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wá wo mí. "O mọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" Kì í ṣe ìbínú ló fi sọ ọ́. Ì bá ṣe pé ó bínú ni, ì bá sàn fún mi.

A sin Àlejò sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ. Láti ìgbà náà, ìyá kò tún fún ọmọ mi ní nǹkan láìkọ́kọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ẹ̀kọ nínú ewé lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyàwó, ṣé kí n fún ọmọ?" Mo máa ń sọ pé, "Ẹ fún un, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́." Yóò fún un, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì yóò tún béèrè. Ìtìjú tí mi ò fẹ́ kó bá ìyá, èmi náà ni mo wá fà á wá bá a. Nígbà tí yunifásítì ṣí padà, mo rí i lówùúrọ̀ pé ìkòkò kékeré ló gbé kaná. Ó kú kí a tó kó lọ sí àdúgbò Mayfair, mi ò sì bá a sọ ọ́ yanjú.

Ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ni mo pe dídákẹ́ mi nígbà yẹn. Ìbẹ̀rù ni. Ìyá tó ń fún èèyàn jẹ tìfẹ́tìfẹ́ lè gbọ́ òótọ́, bí a bá fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní. Òun fúnra rẹ̀ ì bá ti máa wá yánrin kiri fún un.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí. Bí ọmọ yín bá gbé ìjàpá wálé, ewé ni kí ẹ fún un, kí ó mọ níwọ̀n. Kí ẹ sì lọ sọ fún gbogbo ará ilé lọ́jọ́ náà gan-an ohun tó ń jẹ àti ìgbà tó ń jẹ ẹ́. Ọ̀dọ̀ arúgbó ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.