Ọjọ́ Tí Ìyá Dàpọ̀ Sọ̀rọ̀ Níwájú Káńsù

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń kà á ti wà níléèwé nígbà náà. Èmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe agbẹnusọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rí, ẹnu rẹ̀ kì í fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ Sunday, tí àwọn ilé ìkẹ́rùsí River Road, ní Barking nílẹ̀ òyìnbó níbí, bá ti wà ní títì, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi mọ́tò sáré ìje níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Ṣadé, ọmọ ìjọ wa, kú sí. Inú mọ́tò Dàpọ̀, tóun náà jẹ́ ọmọ ìjọ wa, ló wà. Dàpọ̀ yè é, ṣùgbọ́n ó dèrò ẹ̀wọ̀n.

Kò pẹ́ tí káńsù fi fẹ́ pa kíláàsì kan rẹ́, níbi tí àwọn panápaná àti àwọn tí ìjàǹbá mọ́tò ti sọ di aláàbọ̀ ara ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa eré àsápajúdé. Wọ́n ní apá àwọn kò ká a mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣèpàdé lórí rẹ̀, àwa ọmọ ìjọ kóra jọ síwájú gbọ̀ngàn ìlú ní Barking, èmi ni agbẹnusọ wa. Òjò ń ṣe wínníwínní. Ìyá Ṣadé gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ dání.

A ń kọrin lọ́wọ́ ni ìyá Dàpọ̀ dé, òun nìkan. Orin dáwọ́ dúró.

"Kí lobìnrin yìí wá ṣe níbí?" Ẹnìkan ló kígbe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi.

Ó tọ̀ mí wá. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé."

Mo wo ojú ìyá Ṣadé. Òun ló dáhùn.

"Ẹ jẹ́ ó wọlé. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n dúró tì í."

Nígbà tó kan ìyá Dàpọ̀ nínú ìpàdé, ó dìde.

"Ọmọ mi kì í ṣe ẹhànnà. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dúró sẹ́bàá títì, wọ́n ń ya fídíò, wọ́n ń pariwo, 'Go on! Go on!' Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún ọ̀rẹ́. Tí mo bá lọ wò ó lẹ́wọ̀n, ohun tó máa ń bi mí ni pé, 'Mummy, how is Ṣadé's mum?' Kí ni kí n wí fún un?"

Wọ́n dìbò. Kíláàsì kò kú, àmọ́ wọ́n gé e kù, wọn ò sì sọ ọ́ di dandan níléèwé kankan: ẹni tó bá wù ni kó wá. Nígbà tí a jáde, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Ìyá Ṣadé ti lọ.

Mo yà sí kíláàsì náà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Àwọn ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló kún ibẹ̀. Ọmọbìnrin kan sọ fún mi pé, "Uncle, honestly, àwọn tó yẹ kó wà níbí ò ní wá láéláé."

Òótọ́ ló sọ, ó sì ń dùn mí títí dòní. A gba kíláàsì padà. A ò rí àwọn tó ń sáré gbà. Gbèsè tó kù lọ́rùn ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni pé kí ẹ jà títí wọn yóò fi máa kọ́ gbogbo ọmọ léèwọ̀ títì kó tó fọwọ́ kan mọ́tò.

Gbèsè kan tún wà tí mi ò mọ ẹni tí yóò san án. Ìjọ kan náà làwọn ìyá méjèèjì ṣì ń lọ. Tí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán tí ìsìn sì parí, ìyá Dàpọ̀ á jókòó sáyè rẹ̀ títí ìyá Ṣadé yóò fi jáde. Kò sí káńsù tí a lè kóra jọ síwájú rẹ̀ nítorí ìyẹn.