Àwọn Tí Odò Gbé Lọ Nínú Ìtàn Ara Wọn

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní Duncanville lókè òkun, níbi tí a ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti kọṣẹ́. Àga ńláńlá la tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀rọ kan dúró ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, á máa kùn bí oyin. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kò tún ríbi sá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi máa ń pọ̀ níbẹ̀.

Bàbá kan wà tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ará Púńjáàbù ni, ẹlẹ́sìn Síìkì, oníláwàní aró, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Ọmọ ló máa ń pè mí, èmi náà sì ń kí i bí mo ṣe ń kí àgbà nílé.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ìyá kan wá, Mùsùlùmí láti Pakistan, wọ́n fún un ní àga tó tẹ̀lé ti bàbá. Mo ń wá iṣan ní apá rẹ̀ nígbà tí mo gbójú sókè wo ojú rẹ̀. Imú bàbá nìyẹn. Ètè bàbá nìyẹn. Ìpéǹpéjú òsì tó máa ń wálẹ̀ díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá ń wò wá, ó sì ti rí ohun tí mo rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọbìnrin tó ń sọ ohun tó yẹ kí àwọn aláìsàn máa jẹ dé ọ̀dọ̀ wọn. Híńdù ni, àwọn òbí rẹ̀ náà wá láti Púńjáàbù.

"Ẹ ti ń rù jù," ó ní. "Ẹ máa jẹ ẹja."

"A kì í jẹ ẹja nílé wa," ni bàbá wí.

"A kì í jẹ ẹ́ nílé tiwa náà," ni ìyá wí.

Bàbá yíjú sí i. "Kí ló dé?"

"Ó jẹ ẹni wa kan. Láyé àtijọ́, nígbà tí Híńdù ni gbogbo ilé wa, bàbá ńlá wa gba Ìsìláàmù lọ́wọ́ ẹni mímọ́ kan. Inú bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun náà á sọdá odò lọ bá àwọn Síìkì. Ọkọ̀ dojú dé. Wọn ò rí òkú rẹ̀. Wọ́n ní ẹja ló jẹ ẹ́."

Ẹ̀rọ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já wálẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, mo fún un lómi gba ojú iṣan. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Rárá o. Ẹ̀gbọ́n dé òdìkejì. Àbúrò ló rì, níbi tó ti ń lọ bá ẹni mímọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n ló bí wa."

"Àbúrò ló bí wa," ni ìyá wí. Ó dárúkọ abúlé wọn, ó ní kànga ẹlẹ́nu méjì wà lẹ́yìn ilé. "Kànga wa náà nìyẹn," ni bàbá wí, ó fi ọwọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́ bojú.

"A jẹ́ pé ọmọ òkú ni yín," ni ìyá wí.

"Ìwọ náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dùn ún gbọ́.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọmọbìnrin yẹn ti jáde. Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀, ni mo bá a.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń ní kí àwọn èèyàn jẹ ẹja," ó ní. "Mi ò tọ́ ọ wò rí. Kì í ṣe torí ẹ̀sìn o, ìyá mi ń se adìẹ, ó ń se ewúrẹ́. Nílé tiwa, ọmọ ìyá mẹ́ta ni wọ́n nínú ìtàn náà. Èyí tó wà láàárín dúró ti ẹ̀sìn bàbá rẹ̀, òun ló bí wa. Ẹ̀gbọ́n rì, àbúrò rì."

"Padà wọlé, kó o sọ fún wọn."

Ó mi orí. "Ṣé ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni? Wọn ò mọ̀ pé a wà rárá."

Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin náà fi ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ òun lọ sí Carrollton. Àwọn ọmọ bàbá àti àwọn ọmọ ìyá fẹ́ kí àwọn òbí wọn ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìbátan ni wọ́n. Àwọn méjèèjì kọ̀. Títí dòní, bí bàbá bá dé, á béèrè lọ́wọ́ ìyá pé, "Ṣé o ṣì wà láàyè?" Ìyá á ní, "Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ń bá mi wọ mọ́tò. Mo máa wà lórí ọ̀nà márosẹ̀, á dà bíi pé ẹnì kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nílé tiwa, ohun tí a gbọ́ ni pé nígbà tí bàbá bàbá mi di Kìrìsìtẹ́nì ní ilé ìwé, ìgbóná ti pa gbogbo àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìwó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo pe màmá mi n'Íbàdàn.

"Ta ló sọ pé wọ́n kú tán?" ni wọ́n bi mí. "Ọmọ àbúrò bàbá bàbá rẹ kan, obìnrin, ṣì wà nínú agboolé ní Ìwó. Mùsùlùmí ni gbogbo wọn."

Wọ́n bá mi wá ẹni tó gbé fóònù lọ bá obìnrin náà. Ojú wọn yọ lójú fóònù: arúgbó kùjọ́kùjọ́ tó fi ìborùn funfun borí, lórí ẹní. Mo tẹrí ba, mo kí wọn, mo sọ ọmọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ẹni yẹn?" ni wọ́n wí. "Ó ti kú. Mo jẹ nínú sàárà fìdáù ẹ̀. Ọmọdé ni mí, mo rántí."

Fìdáù, àdúrà òkú. Wọn ò tíì bí bàbá mi nígbà náà; ọmọ òkú lèmi náà.

Wọ́n ní kí ẹni tó mú fóònù gbé e sún mọ́ àwọn. Wọ́n wo imú mi, wọ́n wo ètè mi. Lẹ́yìn náà, màmá tó dàgbà ju bàbá mi lọ yìí sún kúrò lórí ẹní, wọ́n kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé."

Mo fẹ́ sọ orúkọ mi. Ìyàwó mi ń pè mí láti kíṣìnnì pé oúnjẹ ti délẹ̀.

"Mo ti dé, ọmọ mi," ni mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ.