Sudalai Tí Kì Í Fẹ̀yìn Rìn

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò fi ń rántí Sudalai awakọ̀ ni ti ọjọ́ tó gbàgbé ìyàwó rẹ̀ sídìí ìsọ̀ olódòdó nílùú Madurai, tó sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní yí padà lọ gbé e.

Iṣẹ́ Sudalai ni láti máa fi ọkọ̀ funfun rẹ̀ kó àwọn àlejò láti Delhi rìn ká. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ sí tẹ́ńpìlì òrìṣà obìnrin Meenakshi ní Madurai, wọ́n á gun òkè lọ sí igbó erin ní Thekkady, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀sà Alappuzha, wọ́n á wá gba ìsàlẹ̀ yípo padà sílé. Láti ìgbà tí Ponnuthai ti fẹ́ ẹ ló ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mú òun dé ọ̀sà yẹn. "Tí òjò bá dá," ni Sudalai máa ń sọ. Òjò ń dá lọ́dọọdún, ọkọ̀ náà sì ń kún lọ́dọọdún. Ìgbà tó wá di ọdún tí à ń wí yìí, ara ọ̀kan nínú àwọn àlejò ò yá, àyè kan ṣófo nínú ọkọ̀. Ni Sudalai bá ní, "Ìyá Kayal, ó yá, di ẹrù ẹ."

Wọ́n jáde ní tẹ́ńpìlì, Ponnuthai bá yà sídìí olódòdó láti ra mallí, òdòdó funfun tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń fi sínú irun. Ó ní ẹni tó ń lọ wo ọ̀sà fún ìgbà àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ gbé orí òfìfo lọ. Ìtàn ọba kan ni Sudalai ń sọ fún àwọn àlejò lọ́wọ́. Ó yọjú wo dígí, ó rí aṣọ obìnrin lóríṣiríṣi àwọ̀ lẹ́yìn, ó sì tẹná mọ́ ọkọ̀. Àwọn àlejò ò sọ nǹkan kan. Wọ́n rò pé ńṣe ni màmá yẹn kàn sìn wọ́n dé tẹ́ńpìlì ni.

Ó di ìsàlẹ̀ òkè kí Sudalai tó na ọwọ́ sẹ́yìn láì bojú wẹ̀yìn. "Ìyá Kayal, fún wa ní ìpápánu yẹn." Ọwọ́ dúró sójú òfuurufú.

"Ẹ gbọ́, Bàbá," ni ọ̀kan nínú àwọn àlejò wí, "ìyàwó yín ò sí níbí o."

"Kò sí níbí bíi ti báwo?"

"Madurai ló ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yí padà kíá!"

Sudalai mí kanlẹ̀. "A ti tẹ ọsàn," ló sọ. "Ọkọ̀ tó bá ti tẹ ọsàn kì í padà sẹ́yìn. Ìyàwó mi ò sì lè sọnù ní Madurai, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí." Ó bá ń gun òkè lọ.

Kò tíì sí fóònù alágbèéká nígbà yẹn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ló rán níṣẹ́. Nígbà tí ìyẹn fi máa dé, Ponnuthai ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá délé tipẹ́, ó ń lọ ìrẹsì. "Màmá, ọkọ yín ní kí ẹ má kúrò níbi tí òun fi yín sí. Ó ní òun ń bọ̀ láti iwájú."

Ponnuthai wò ó látòkè délẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún un pé mo gbọ́. Kó bá mi kí ọ̀sà."

Lọ́jọ́ tí ìrìn àjò parí, ọkọ̀ funfun gba ìhà gúúsù wọ Madurai, ó sì dúró gẹ́lẹ́ síwájú olódòdó. Ponnuthai wà níbẹ̀. Aṣọ ọjọ́ yẹn náà ló tún wọ̀, mallí ọjọ́ yẹn náà ló wà nínú irun rẹ̀, ó ti gbẹ bí ewé tíì. Sudalai rẹ́rìn-ín. "Mo padà wá, àbí mi ò padà wá?" Obìnrin náà wọnú ọkọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà débi pé fèrè ọkọ̀ dún fúnra rẹ̀. Odindi oṣù kan ni kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Sudalai ò mọ̀, torí òun ló ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo oṣù náà.

Ọ̀rọ̀ ọsàn yìí, kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é. Kò sí awakọ̀ kan lágbègbè yẹn tó máa gbéra ìrìn àjò láì kọ́kọ́ fi ọsàn wẹ́wẹ́ sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, kó sì wa ọkọ̀ kọjá lórí wọn, kí aburú tó wà lọ́nà lè fọ́ pẹ̀lú wọn. Àwọn tó kù á tẹ ọsàn tiwọn, wọ́n á sì gbàgbé ẹ̀. Ní ti Sudalai, ó di òfin. Ó ní ẹni tó bá ti pa ibi sẹ́yìn, tó tún wá fẹ̀yìn rìn lọ bá a, ṣe ló lọ jí i lójú oorun. Títí ìrìn àjò fi máa parí, ọwọ́ rẹ̀ kì í kan jíà ẹ̀yìn. Ponnuthai ló ń ṣa ọsàn náà lọ́jà. Bó ṣe ń ṣà wọ́n ló ń gbàdúrà sí wọn, bó ṣe ń gbàdúrà ló sì ń bú ọkọ rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àdúgbò tí ọ̀nà ti pin ni ilé wọn wà. Ọkọ̀ tó bá fi iwájú wọlé, ẹ̀yìn ló máa fi jáde. "Kí ẹ kúkú máa fi ẹ̀yìn wọlé lálẹ́," ni Masanam wí, alámùúlégbè wọn tó ń ránṣọ.

Sudalai la ojú. "Ta ló ń fi ẹ̀yìn wọ ilé ara rẹ̀? Olè!"

Masanam ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa kan òun, torí pé àgbàlá tiẹ̀ ló yọ sí òpópónà kejì. Sudalai bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà. Láàárọ̀ á gbé tíì wá, lálẹ́ á gbé ìtàn wá. Nígbà tó ṣe, Masanam gbà pé kí wọ́n wó ògiri tó wà láàárín wọn. Ó ní kò kúkú sí bí ògiri ṣe lè dí ohùn Sudalai. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ á tẹ ọsàn níwájú ilé, á la àgbàlá Masanam kọjá, á gba abẹ́ okùn tí Masanam ń sá aṣọ sí, á sì já sí òpópónà. Lọ́pọ̀ ìgbà, aṣọ Masanam kan máa ń bá wọn lọ. Nígbà kan, ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ há sí orí ọkọ̀ títí dé tẹ́ńpìlì. Àwọn àlejò rò pé àsíá mímọ́ ni, wọ́n tẹ́wọ́ sí i.

Nígbà tí Kayal, ọmọbìnrin wọn, dàgbà, bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gun òkè, bí wọ́n ṣe ń fún màlúù lọ́nà, àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣàìsàn. Ọmọ lọ ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ, ó fìdí rẹmi. Ọ̀gá tó dán an wò ní òun ò rí irú ẹ̀ rí, pé ọmọ yìí mọ ọkọ̀ wà ju òun lọ, àmọ́ nígbà tí òun ní kó fẹ̀yìn rìn, ṣe ló bi òun pé, "Sí ibo?" Masanam ló lọ yá ọkọ̀ kan, tó kọ́ ọ ní kọ̀rọ̀, nínú àgbàlá, lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn.

Ti erin ńkọ́? Ìyẹn náà, Thekkady ló ti ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n ṣe yí kọ́nà kan lórí òkè, akọ erin kan dúró sáàárín ọ̀nà bí ògiri ààfin. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Àwọn àlejò figbe ta, "Dírẹ́bà, padà sẹ́yìn! Padà sẹ́yìn!"

"Ẹ dákẹ́, ẹ má dójú tì mí níwájú àgbà," ni Sudalai dá wọn lóhùn. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó so ọwọ́ pọ̀ mọ́ àyà, torí Pillaiyar, òrìṣà olórí erin tó ń ṣí ọ̀nà, ló ń sìn láti kékeré. "Bàbá, ẹ kú ìjókòó igbó. Èmi Sudalai ni. Ẹ̀yin lẹ ń ṣí ọ̀nà fáyé. Ẹ ṣáà tún wò ó bóyá tiwa yìí ò sí lára ẹ̀."

Erin náà sún mọ́ wọn. Ó gbé iwájú orí lé ọkọ̀, ó sì rọra ń tì í sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi dé ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó wọgbó lọ, kò tiẹ̀ bojú wò wọ́n. Nígbà tí ohùn àwọn àlejò padà sí wọn lẹ́nu, ọ̀kan ní, "Bàbá, ọkọ̀ yín padà sẹ́yìn o."

"Ta ló padà sẹ́yìn?" ni Sudalai dáhùn. "Òrìṣà ló gbé mi."

Gbogbo ìtàn wọ̀nyí, orí oúnjẹ alẹ́ ni Ponnuthai ti ń gbọ́ wọn. Ó mọ òórùn iyèré orí òkè láti ara aṣọ ọkọ rẹ̀. Ó mọ orúkọ àwọn awakọ̀ ojú omi, ó mọ èyí tó ń hanrun nínú wọn. Ọ̀sà gan-an ni kò rí rí. Ọdún ń gorí ọdún, òjò ń dá, àlejò ń kún ọkọ̀. Òun náà ò sì tọrọ mọ́, torí ó ní àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ òrìṣà nìkan ni èèyàn ń tọrọ wọn lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tó yá, ọkàn tó ń lù láyà Sudalai bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ mọ́. Ó wá pe Kayal sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí ohun kan bá wà tí bàbá fẹ́ ṣe, kí wọ́n má fi dọ̀la. Kayal ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ di ẹrù yín. Bàbá, ẹ̀yìn lẹ máa jókòó."

"Ẹ̀yìn kẹ̀! Nínú ọkọ̀ mi?"

"Ẹ̀yìn, Bàbá."

Sudalai búra pé òun ò ní la ẹnu títí wọ́n á fi dé orí òkè. Wọ́n tẹ ọsàn, wọ́n gbé aṣọ Masanam kan lọ, wọ́n kí Meenakshi ní tẹ́ńpìlì rẹ̀, wọ́n sì gbéra. Inú ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ti jáde nílùú kí Ponnuthai tó sọ pé, "Ìbínú bàbá ẹ tòní le o." Ó yíjú wẹ̀yìn. Àpò ẹrù ló jókòó síbẹ̀.

Kayal tẹ bíréèkì. Ìyá àti ọmọ wo ara wọn.

"Màámi, a ti tẹ ọsàn o. Kí ni ká ṣe?"

Ọsàn yẹn, Ponnuthai fúnra rẹ̀ ló ṣà á, tó sì gbàdúrà sí i. Obìnrin tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni, kì í fi nǹkan mímọ́ ṣeré. Ó wo ọ̀nà iwájú tó ti ń retí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ó wo ẹ̀yìn. "Yí padà," ló wí.

Kayal fi jíà sí ẹ̀yìn. Ọkọ̀ arúgbó náà ké bí ẹni tí wọ́n jí láti ojú oorun ogún ọdún.

Ìdí ìsọ̀ olódòdó ni wọ́n ti bá a. Ó dúró gbọn-in nínú oòrùn, mallí tútù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí wọn, inú bí i. "Ta ló ní kí ẹ padà? Ṣé ẹ ò tẹ ọsàn ni? Ẹ̀ bá máa lọ! Ǹ bá dúró síbí títí ẹ ó fi yípo dé."

"Mo mọ̀ pé wàá dúró," ni Ponnuthai wí. "Èmi ni mi ò ní lè lọ."

Sudalai wá ohun tó máa fi fèsì, kò rí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ìgbà kan ṣoṣo náà nìyẹn. Ó fi òdòdó náà sínú irun ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi í sí wíwọ́, ó sì wọnú ọkọ̀ lọ jókòó sẹ́yìn.

Wọ́n dé ọ̀sà. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi olórùlé ewé àgbọn tó ní yàrá nínú. Ni awakọ̀ rẹ̀ bá ní ibẹ̀ há, ẹ̀yìn làwọn máa fi jáde. Sudalai dìde fùú. Ó wo omi lápá ọ̀tún, ó wo omi lápá òsì, kò sí ibi tó máa bọ́ sí. Ó gbé àga rẹ̀, ó yí i kọjú sí ìdí ọkọ̀, ó tún jókòó. "Ó yá," ló sọ fún awakọ̀, "máa lọ síwájú." Ponnuthai náà yí àga tirẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Bí obìnrin náà ṣe rí ọ̀sà nìyẹn, omi tẹ́ rẹrẹ bí ẹní, pẹ́pẹ́yẹ ń tò lọ lórí ẹ̀, igi àgbọn tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni ń kí àgbà. Ó wá ní ó dára ju bí Sudalai ṣe máa ń ròyìn ẹ̀ lọ. Ìyẹn dun Sudalai díẹ̀.

Kí òjò ọdún náà tó dá, Sudalai sùn, kò jí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ, mọ́tò òkú fi iwájú wọ àdúgbò, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ponnuthai fi ọsàn wẹ́wẹ́ sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, torí ìrìn àjò ṣáà ni. Awakọ̀ náà, ọmọ ìlú mìíràn, fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ má bínú, Màmá, ọ̀nà pin níbí. Ẹ̀yìn ni màá fi jáde."

"Dánwò," ni Ponnuthai wí, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. "Ẹni tí o gbé yẹn máa jí."

Àwọn tó ń sunkún bú sẹ́rìn-ín. Masanam ti ṣí géètì àgbàlá rẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó ti gbé ìkòkò omi kúrò lọ́nà, ó ti gbálẹ̀, ó ti ká gbogbo aṣọ kúrò lórí okùn, àyàfi ẹ̀wù funfun kan ṣoṣo. Mọ́tò tẹ ọsàn, ó la àgbàlá kọjá, ẹ̀wù náà sì há mọ́ ọn níwájú. Awakọ̀ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ yọ ọ́.

"Fi sílẹ̀," ni Masanam wí. "Tiẹ̀ ni."

Ponnuthai dúró títí mọ́tò fi yà sí òpópónà, ó fẹ́ ẹ kù. Àwọn obìnrin fẹ́ dì í mú, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, pé òun ò ní ṣubú.

"Ó ti gba iwájú lọ," ló wí. "Tó bá yípo dé, ó mọ ibi tí mo máa ń dúró sí."