Tìmùtìmù Tanímọ̀la

Gbì! Ìgúnpá ẹsẹ̀ iwájú ló máa ń kọ́kọ́ balẹ̀, kí ara yòókù tó tẹ̀ lé e. Bí Tanímọ̀la, ajá ìyá wa àgbà, ṣe ń dùbúlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìyá nìyẹn, lórí símẹ́ńtì lásán. Ó ti darúgbó, kò lè rọra ká ẹsẹ̀ mọ́. Ṣe ló ń já ara rẹ̀ sílẹ̀ bí aláàárù tó sọ àpò gàrí kalẹ̀. Bí a bá ti gbọ́ ìró yẹn nínú agboolé wa n'Ísàlẹ̀ Èkó, a ti mọ̀ pé ìyá wà nílé.

Iṣẹ́ tìmùtìmù ni ìyá ń ṣe. Fóòmù kò tíì kárí ilé nígbà náà, nítorí náà òwú àràbà ni ó ń gbọ̀n, tó ń kì sínú aṣọ líle, tó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn rán ẹnu rẹ̀ pa. Òwú a máa fò kiri, a wọ̀ wá nímú, a bà sínú ọbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń sùn sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ajá tirẹ̀ ń sùn lórí símẹ́ńtì, kò sì sẹ́ni tó rò ó. Mùsùlùmí pọ́ńbélé ni ìyá. Ó fẹ́ràn ajá yẹn gidigidi, ṣùgbọ́n imú tútù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan aṣọ ìrun òun. Ẹnu ọ̀nà ni ààlà wọn.

Nígbà tí ìgúnpá náà wú tó ọsàn, ìyá ní eéwo ni. Onígbàjámọ̀ ojúlé kejì náà ní eéwo ni, ó sì fi abẹ là á. Omi lásán ló tú jáde. Ó wá di egbò. Bó bá ti fẹ́ jinná, Tanímọ̀la á tún ju ara rẹ̀ sílẹ̀, egbò á ya.

A gbé e sórí ọmọlanke, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ní Lafiaji. Ó jókòó bí ìyàwó tí wọ́n ń sìn relé ọkọ, àwọn ọmọ àdúgbò ń kọrin tẹ̀ lé wa, èmi tí mo di okùn ọrùn rẹ̀ mú ń yan. Dókítà ní ilẹ̀ líle ló ń lu egungun tó fi wú. Kí a má là á mọ́. Kí a wá nǹkan rírọ̀ sábẹ́ rẹ̀, torí bí egbò bá wọnú oríkèé, ẹsẹ̀ náà lè lọ. Ó wá bi ìyá léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìyá wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Tìmùtìmù ni mò ń ṣe, dókítà."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, títí kan ìyá fúnra rẹ̀.

Bí a ṣe délé ló rán èyí tó rọ̀ jù lọ, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìnkùlé lẹ́bàá kànga, níbi tí ibòji wà. Tanímọ̀la gbóòórùn rẹ̀, ó yí i ká, ó padà sẹ́nu ilẹ̀kùn. A gbé e lọ, ó padà. Mo fi ẹran tàn án, ó jẹ ẹran, ó padà. Egbò tún ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rù ẹsẹ̀ rẹ̀ bà mí, mo bú sẹ́kún, mo ní ajá yìí kò mọ ohun tó dára.

Ìyá wò ó títí. "Ó mọ̀ ọ́n," ló wí. "Kì í ṣe símẹ́ńtì ló fẹ́. Ibi tí mo wà ló fẹ́. Èmi ni mo gbé ohun rere lọ síbi tí kò sẹ́nì kankan."

Ó ká ẹní ìrun rẹ̀ kúrò nítòsí ilẹ̀kùn, ó gbé e lọ sí igun yàrá lọ́hùn-ún, ó sì tẹ́ tìmùtìmù sẹ́nu ọ̀nà gan-an. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé kí i ní láti gbẹ́sẹ̀ ga fo ajá. Àwọn kan ń ráhùn. Ó ní kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gùn tó dúró síta kí òun. Àràárọ̀ ni mò ń fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ egbò náà, ìyá á máa gbọ̀n òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, títí tó fi jinná, tí wíwú náà sì rọlẹ̀.

Ìyá náà wá darúgbó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe yàrá kan fún un lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú fáànù àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n orí àtẹ̀gùn líle la ti ń bá a, tó jókòó, tó ń gbọ́ ohùn wa nísàlẹ̀. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ ṣoore fún èèyàn, mo kọ́kọ́ ń wo ibi tó fẹ́ wà. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá wá sí pálọ̀, sójú ọ̀nà gan-an. Ó dí gbogbo wa lọ́wọ́. Títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò sẹ́ni tó lè kọjá lọ sí kíṣìnì láì kí i.