Ajá Alàgbà Zachariah

Ní Ìwárò-Ọ̀kà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni gbogbo ayé mọ Alàgbà Zachariah Ọlálẹ́yẹ sí. Wòléwòlé ni nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sin àgùntàn. Kì í pariwo, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Bí tọkọtaya bá ń ṣe gbólóhùn asọ̀, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè.

Àwọn àgùntàn rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti jáde, inú oko ẹ̀gẹ́ Gàníyù, aládùúgbò rẹ̀, ni wọ́n ń kọrí sí. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ bíbẹ̀ sú u, ó sọ fún Samuel, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé Àkúrẹ́, ìyẹn sì gbé ọmọ ajá kan wá fún un, ìran àwọn ajá tí àwọn òyìnbó fi ń da ẹran. Irun rẹ̀ dúdú, ó ní funfun láyà. Etí rẹ̀ kan nà ró, ìkejì ṣẹ́ wálẹ̀. Florence, ìyàwó Alàgbà, ló sọ ọ́ ní Tanímọ̀la.

Alàgbà rò pé bí ajá bá ti jẹ́ ìran adaran, ó parí. Ó tú u sí àárín agbo. Ajá ń lé àgùntàn, ó ń gé wọn ní gìgísẹ̀ jẹ, títí gbogbo wọn fi túká wọ inú ẹ̀gẹ́ Gàníyù. Gàníyù dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dun Alàgbà. Ó wọ́ ajá lọ sẹ́yìn ilé, ó sì fi pàṣán nà án.

Bí ajá bá sáré jù lẹ́yìn ìyẹn, pàṣán. Bí ó bá pè é tí kò tètè wá, pàṣán.

"Bàbá Samuel, ọmọdé ṣì ni," Florence wí.

"Ohun tí a bá fẹ́ kó gbọ́n, a kì í kẹ́ ẹ," Alàgbà dá a lóhùn.

Kò pẹ́ tí ajá kò sáré mọ́. Ó ń rìn tẹ̀lé Alàgbà, ó tẹrí mọ́lẹ̀. Alàgbà sì ń fi yangàn lẹ́yìn ìsìn pé, "Ẹ wá wo ajá tó mọ ọ̀gá rẹ̀."

Ní ọjọ́ kan òun àti Florence gbé e lọ sí Ìkàrẹ́, kó lè gba abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ajá ya dìgbòlugi. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Àwọn kan mọ Alàgbà, wọ́n dìde kí i. Dókítà Raliat, ọ̀dọ́bìnrin tó wọ híjáàbù, wọ ìbọ̀wọ́, ó ní kí Alàgbà di ajá mú. Fìlà Alàgbà fẹ́ já bọ́, ó gbé ọwọ́ sókè láti tún un dé.

Bí ajá ti rí ọwọ́ náà lókè, ó ṣubú gbalaja. Ó pa ojú dé, ó sì tọ̀ sílẹ̀. Ìtọ̀ ṣàn lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, àwọn èèyàn ń ká ẹsẹ̀ wọn sókè.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ la irun ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú ẹgba wà níbẹ̀.

"Bàbá, ta ní ń nà án?"

"Àwọn ọmọ àdúgbò ni."

Dókítà wo ajá, ó wo ọkùnrin náà. "Ṣé àwọn ọmọ náà máa ń dé fìlà ni, sà?"

Ojú ti Alàgbà débi pé kò mọ ibi tí yóò fojú sí. Ó wo Florence bóyá yóò gbè é lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni Florence ń wò. Ajá wọ́ lọ bá Florence, ó ki orí sábẹ́ ìró rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ọ̀kà. Ìgbà náà ni Florence wá sọ ọ́, jẹ́jẹ́: "Ẹ purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ." Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, Alàgbà ló kàn láti ka Bíbélì. Ó ní ara òun kò yá, kò sì lọ.

Nígbà tó yá, òun nìkan pa dà sí Ìkàrẹ́. Ó dúró títí bẹ́ǹṣì fi ṣófo.

"Dókítà, èmi ni mò ń nà án."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó."

Ì bá tù ú lára ká ní Dókítà bú u. Ṣùgbọ́n ńṣe ló ń kọ́ ọ: kó má ṣe pe ajá wá gba ìyà láéláé; kó fi okùn gígùn mú un yí agbo ká; bí ó bá ṣe dáadáa, kó fún un ní nǹkan jẹ; bí kò bá ṣe é, ó di ọjọ́ kejì. "Bí ẹ bá ń pè é, ẹ jókòó sílẹ̀, kó má rí yín lókè orí rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Alàgbà ìjọ ṣe ń jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà àgùntàn, tòun ti ẹja gbígbẹ ní àtẹ́lẹwọ́, tí àwọn tó ń kọjá ń kí i, tó ń dá wọn lóhùn láti ilẹ̀. Gàníyù náà rí i. Kò rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ibòmíràn, ìyẹn sì wúwo ju ẹ̀rín lọ. Ajá kò wá. Ọ̀dọ̀ Florence ló ń lọ. Níkẹyìn Alàgbà gbé ẹja náà fún ìyàwó rẹ̀, òun di okùn mú, Florence ń súfèé. Díẹ̀díẹ̀, ajá mọ bí a ti ń yí agbo po, ó sì ń kó àgùntàn wálé láìgé ọ̀kankan jẹ. Bí Alàgbà bá pè é nísinsìnyí, yóò wá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà wá, yóò sì dúró níbi tí ọwọ́ kò lè tó o.

Rufus, ọkùnrin kan láti Ìkun tí òun náà ń sin ẹran, gbọ́ nípa ajá náà, ó wá wò ó. Ẹnu yà á.

"Alàgbà, báwo lẹ ṣe kọ́ ọ?"

"Kì í ṣe èmi ló kọ́ ọ, ìyàwó mi ni. Èmi nà án ní ìnàkunà, mo sì purọ́ nídìí ẹ̀."

Rufus rò pé àwàdà ni, ó bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà dúró títí ẹ̀rín náà fi tán, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ.